Ẹ̀yìnkùlé Wa àti Ìkòkò Ọbẹ̀ Wa

  Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí pẹpẹ. Ọ̀rọ̀ ìkòkò ọbẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí ó wà lẹ́yìn ilé wa ni, ó sì tún jẹ́ ọ̀rọ̀ aládùúgbò.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Gbogbo wa ni a mọ bí ọjà ti rí. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún 2023, tí iye náírà sì já wálẹ̀ ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, owó tí ọkọ̀ fi ń kó oúnjẹ wọ ìlú ti di ohun mìíràn. Ní oṣù keje ọdún náà ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ ti di ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ní orílẹ̀-èdè yìí. Ìyá tí ó ń gbé owó ọbẹ̀ lọ sí ọjà mọ̀ ju ìwé ìròyìn lọ. Tòmátì àti tàtàṣé tí à ń jẹ ní Èkó àti Ìbàdàn, láti òkè Ọya lọ́hùn-ún ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Bí epo bá wọ́n, ó kàn wá. Bí ọ̀nà kò bá dára, ó kàn wá. Ní 2016, kòkòrò kan báyìí wọ oko tòmátì ní Kàdúná, ó sì ba oko jẹ́ débi pé ìjọba ìpínlẹ̀ náà kéde pàjáwìrì. Ilé tí kò mọ ọ̀nà Kàdúná rárá ní ìhà ọ̀dọ̀ wa ni ó se ọbẹ̀ láìsí tòmátì.

Nígbà tí gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀, kí ni ó wà lẹ́yìn ilé wa? Ní ilé mìíràn, símẹ́ńtì ni a dà sí i láti ògiri dé ògiri. Ní ilé mìíràn, koríko ni ó kún ibẹ̀, tí a ń bẹ̀rù ejò. Ní ilé mìíràn, ọkọ̀ tí ó ti bàjẹ́ láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ni ó jókòó síbẹ̀. A ń gbàdúrà lórí oúnjẹ kí a tó jẹ ẹ́, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ní láti gbin oúnjẹ náà.

Oko etílé kì í ṣe ohun tuntun

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àṣà òyìnbó ni kí ará ìlú máa gbin nǹkan sí ẹ̀yìnkùlé, kí ó bi àwọn àgbà ilé rẹ̀ léèrè. Àwa Yorùbá ti ń gbé ìlú ńlá kí òyìnbó tó dé, àgbẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú àwọn ará ìlú ńlá wọ̀nyí, Ìbàdàn, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìwó àti Abẹ́òkúta. Baba ilé a ní oko ẹgàn tí ó jìnnà, tí yóò lọ sùn sí fún ọjọ́ mélòó kan. A tún ní oko etílé tí ó lè lọ láàárọ̀ kí ó sì padà nírọ̀lẹ́. Ìyá ilé a ní ewúro, ẹfinrin àti ata wẹ́wẹ́ lẹ́yìn ilé ìdáná. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹni tí ó bá ní àkùrọ̀ lẹ́bàá odò ni ó ń jẹ ẹ̀fọ́ tútù. Ìlú fẹ̀, oko etílé di ilé, àkùrọ̀ di ilé, a sì da símẹ́ńtì sí ẹ̀yìnkùlé. Kì í ṣe pé a kò mọ̀ ọ́n ṣe. A fi í sílẹ̀ ni.

Ìjọba náà ti gbìyànjú láti rán wa létí. Ní oṣù karùn-ún 1976, ìjọba Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n pè ní Operation Feed the Nation. Wọ́n ní kí olúkúlùkù gbin ohun tí ó lè gbìn, kódà ní ẹ̀yìn ilé. Ọmọ kékeré ni mí nígbà náà, ṣùgbọ́n àwọn tí ó jù mí lọ kò gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó epo rọ̀bì ń wọlé, ìrẹsì òkè òkun sì ń wọlé pẹ̀lú. Ta ni yóò máa tú ilẹ̀ nígbà tí ó lè ra tí ẹlòmíràn gbìn? Nígbà tí ó fi máa di 1980, ìjọba Alhaji Shehu Shagari ti mú ètò mìíràn wá, Green Revolution, òun náà sì lọ bí ó ti wá. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nínú rẹ̀ ni pé ohun tí a bẹ̀rẹ̀ nítorí pé ìjọba lu agogo, a óò pa á tì nígbà tí agogo bá dákẹ́. Ohun tí a bẹ̀rẹ̀ nítorí ìkòkò ọbẹ̀ tiwa ni ó máa ń pẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Bíbélì yín dáadáa mọ lẹ́tà tí Jeremáyà kọ sí àwọn tí wọ́n kó ní ìgbèkùn lọ sí Bábílónì, ní orí 29. Ìlú ńlá ni Bábílónì, àlejò sì ni wọ́n níbẹ̀. Wòlíì kan, Hananáyà, ti sọ fún àwọn ènìyàn pé ọdún méjì péré ni gbogbo wàhálà náà yóò fi parí. Bí ó bá jẹ́ ọdún méjì ni, kí ni ènìyàn fẹ́ máa gbìn sí? Jeremáyà kò bá wọn ṣe àwàdà. Ó ní àádọ́rin ọdún ni, nítorí náà kí wọ́n kọ́lé, kí wọ́n dá ọgbà, kí wọ́n sì jẹ ohun tí ó bá ti inú rẹ̀ jáde. Ó tún ní kí wọ́n máa wá àlàáfíà ìlú tí wọ́n wà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń gbé ìlú bí ẹni tí ó fẹ́ lọ lọ́la. Ẹnì kan á ní, “Tí mo bá kọ́lé tèmi, n óò gbin nǹkan.” Ẹlòmíràn á ní, “Nǹkan yóò rọ̀ láìpẹ́.” Ọdún ń gorí ọdún, ẹ̀yìnkùlé sì ń hu koríko.

Ohun tí ojú àwọn ará Havana rí

Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí Kúbà díẹ̀. Erékùṣù náà kò ṣàjèjì sí wa, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ni wọ́n kó lẹ́rú lọ síbẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Lukumí sì ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Wọ́n ń jẹ iṣu níbẹ̀, wọ́n ń jẹ gbágùúdá àti kókò, wọ́n sì ń jẹ ilá.

Fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, Soviet Union ni Kúbà gbójú lé. Láti ibẹ̀ ni epo, ajílẹ̀ ìgbàlódé àti ọ̀pọ̀ oúnjẹ ti ń wá, ṣúgà ni àwọn náà sì fi ń ṣe pàṣípààrọ̀. Ní 1991, Soviet Union tú ká. Epo kò wá mọ́, ajílẹ̀ kò wá mọ́. Katakata dúró sínú oko, ọkọ̀ tí ìbá kó oúnjẹ wọ ìlú kò rí epo rà. Àwọn ènìyàn rù. Láàárín 1991 sí 1993, àìsàn kan bẹ́ sílẹ̀, ó sì mú ènìyàn tí ó lé ní 50,000: ojú àwọn kan ṣókùnkùn, ẹsẹ̀ àwọn mìíràn ń kú tipiri. Àwọn dókítà wádìí rẹ̀, wọ́n sì rí i pé àìrí oúnjẹ aṣaralóore jẹ wà lára ohun tí ó fà á. Ó di dandan kí ìjọba pín fítámì fún gbogbo ará ìlú.

Àwọn ará Havana, olú ìlú wọn, kò jókòó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbin nǹkan sí ẹ̀yìnkùlé, sí orí òrùlé pẹlẹbẹ, sí àlàfo tí ilé ti wó. Ní 1994, ilé iṣẹ́ ètò ọ̀gbìn dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún ọ̀gbìn inú ìlú, wọ́n sì fún àwọn ènìyàn ní ilẹ̀ òfìfo láti lò láìsan owó, níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ń gbin nǹkan sí i. Níbi tí ilẹ̀ kò bá dára, tàbí tí ó jẹ́ kìkì òkúta àti símẹ́ńtì, wọ́n fi búlọ́ọ̀kù mọ ògiri kúkurú yí i ká, wọ́n sì da ilẹ̀ àti ilẹ̀dú sí àárín rẹ̀. Organopónico ni wọ́n ń pè é. Ní 1997, àwọn ènìyàn díẹ̀ kóra jọ ní Alamar, ní ìlà-oòrùn Havana, láàárín àwọn ilé alájà gíga tí ìjọba kọ́, wọ́n dá irú ọgbà bẹ́ẹ̀ kan sílẹ̀. Ó dàgbà di ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ńlá tí ń ta ẹ̀fọ́ fún àwọn ará àdúgbò tí ó yí i ká.

N kò sọ èyí láti fi Kúbà ṣe Párádísè fún yín. Títí di òní ni wọ́n ṣì ń ra èyí tí ó pọ̀ jù nínú oúnjẹ wọn láti òkè òkun. Ní 2024 ni wọ́n tọ àjọ oúnjẹ àgbáyé lọ nítorí mílíìkì àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Ọgbà inú ìlú kò bọ́ orílẹ̀-èdè yó. Ohun tí ó ṣe ni pé ó fi ẹ̀fọ́ tútù sínú abọ́ ní àsìkò tí kò sí ohun tí owó lè rà. Ẹ ṣàkíyèsí pé kì í ṣe ẹnì kọ̀ọ̀kan ló dá a ṣe. Àdúgbò ni ó ṣe é, ẹni tí ó ní ilẹ̀ àti ẹni tí ó ní agbára.

Ohun tí ẹ̀yìnkùlé lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe

Òwe wa ni pé ẹni tí ó gbin ọgọ́rùn-ún iṣu tí ó ní igba ni òun gbìn, bí ó bá jẹ ọgọ́rùn-ún òtítọ́ tán, yóò jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́. Nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ẹ̀yìnkùlé kò ní fún yín ní gàrí, kò ní fún yín ní ìrẹsì, iṣu rẹ̀ kò sì lè tó. Ohun tí ó lè gbé ni ọbẹ̀: ẹ̀fọ́, ilá, ata, ewé tí a fi ń se àsèpọ̀ àti tòmátì díẹ̀. Bí ìyá ilé bá kọ gbogbo ohun tí ó ná lórí ẹ̀fọ́ àti ata sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, yóò rí i pé kì í ṣe owó kékeré. Owó náà ni ẹ̀yìnkùlé lè fi sílẹ̀ fún ẹ̀wà, fún ẹyin àti fún ẹja ọmọ.

Èrè kejì ni ìlera. Ewé tútù bí tẹ̀tẹ̀, ewédú àti ùgwù ní èròjà tí ń sọ ẹ̀jẹ̀ di púpọ̀ àti èyí tí ojú ọmọ nílò. Aboyún àti ọmọ wẹ́wẹ́ ni ó ń nílò wọn jù, àwọn gan-an ni a sì máa ń kọ́kọ́ dín ẹ̀fọ́ abọ́ wọn kù nígbà tí ọjà bá wọ́n.

Kí ni kí a gbìn, báwo sì ni?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní kékeré. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ebè pẹlẹbẹ kan tí ó fẹ̀ tó mítà kan, tí ó sì gùn tó mítà mẹ́ta, tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ó fẹ̀ ju ibi tí ọwọ́ yín lè dé láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ẹ má baà máa tẹ ilẹ̀ tí ẹ tú mọ́lẹ̀.

Tẹ̀tẹ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé kò pẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ẹ óò ti máa jẹ ẹ́. Kóró rẹ̀ kéré púpọ̀, nítorí náà ẹ pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ kí ẹ tó fọ́n ọn, kí ó má baà kó jọ sójú kan. Bí ẹ bá ń gé e láti òkè dípò kí ẹ fà á tu, yóò tún yọ. Ṣọkọ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ewédú ní ẹ̀tàn kan tí àwọn ìyá wa mọ̀. Bí ẹ bá kàn fọ́n kóró rẹ̀ sílẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ yóò sùn sínú ilẹ̀ ni, nítorí èèpo rẹ̀ le. Ẹ di í sínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ rì í bọ inú omi gbígbóná tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, ẹ yọ ọ́ kíá, ẹ sá a kí ó gbẹ, kí ẹ tó fọ́n ọn. Ẹ óò rí ìyàtọ̀.

Ewúro kò béèrè kóró. Igi rẹ̀ ni kí ẹ gé, kí ẹ kì í bọ ilẹ̀, yóò sì máa bá yín gbé fún ọdún púpọ̀. Gbúre náà, ẹ ti ẹ̀ka rẹ̀ bọlẹ̀, ó tó. Ùgwù fẹ́ ibi tí yóò gùn lé, ẹ jẹ́ kí ó gun ọgbà tàbí igi tí ẹ rì mọ́lẹ̀. Ilá ń bẹ̀rẹ̀ sí í so ní nǹkan bí oṣù méjì. Ata àti tòmátì ni kí ẹ kọ́kọ́ gbìn sínú agolo tàbí àpótí kékeré fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí ẹ tó lọ́ wọn sí ebè. Àwọn yìí ń fẹ́ sùúrù, ó ń tó oṣù mẹ́ta kí ẹ tó rí ohun tí ẹ óò ká.

Ẹ má gbin gbogbo kóró yín lọ́jọ́ kan. Bí ẹ bá gbin ìdá kan lónìí, kí ẹ gbin òmíràn ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀fọ́ yóò pọ̀ jù lọ́sẹ̀ kan, kò sì ní sí rárá ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e.

Ẹ̀yin tí símẹ́ńtì ti bo ẹ̀yìnkùlé yín ńkọ́? Àpò ìrẹsì tí ó ti tú, kéègì tí a gé lórí, bàsíà tí ó ti fọ́, gbogbo rẹ̀ ni ó lè gba ilẹ̀. Ẹ dá ihò sí ìdí rẹ̀ kí omi má baà dúró, ẹ fi ilẹ̀ àti ilẹ̀dú kún un. Ata, ùgwù àti ewúro ń ṣe dáadáa nínú àpò.

Ní ti ajílẹ̀, ẹ má ra ohun tí ẹ ní. Èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ewé gbígbẹ àti eérú díẹ̀, ẹ kó wọn jọ sí kọ̀rọ̀ kan, ẹ máa yí i padà, ẹ máa bu omi sí i nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Láàárín oṣù mélòó kan yóò ti dúdú, yóò sì máa rùn bí ilẹ̀ igbó. Ẹ má da ẹran, egungun tàbí oúnjẹ ọlọ́bẹ̀ sí i, nítorí eku. Imí adìyẹ dára púpọ̀, ṣùgbọ́n tútù rẹ̀ ń jó ẹ̀fọ́. Ẹ jẹ́ kí ó jẹrà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ẹ tó lò ó. Ní Àjàṣẹ́, ní orílẹ̀-èdè Benin tí ó múlé gbè wá, àlùfáà ìjọ Àgùdà kan, Godfrey Nzamujo, ọmọ Nàìjíríà, dá oko ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní 1985 lórí ilẹ̀ kékeré, ó sì pè é ní Songhai. Ohun tí ó sọ ọ́ di olókìkí ni pé kò sí ohun tí wọ́n ń dà nù níbẹ̀: ìdọ̀tí ẹran di ajílẹ̀, ajílẹ̀ di ẹ̀fọ́. Lónìí láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ni wọ́n ti ń lọ kọ́ ọ. Ẹni tí ó bá wà ní Ìbàdàn kò tilẹ̀ nílò láti lọ jìnnà. Ilé iṣẹ́ ìwádìí lórí ẹ̀fọ́ àti èso, NIHORT, wà ní Ìdí-Iṣin láti 1975.

Ilẹ̀ tí kò yẹ kí a gbin nǹkan sí

Èyí ṣe pàtàkì, ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á. Kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ ni ó yẹ fún ẹ̀fọ́. Ní 2010, ní Ìpínlẹ̀ Zamfara, ó lé ní 400 ọmọdé tí ó kú nítorí òjé tí ó dà sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta wúrà lágbègbè ilé. Òjé kan náà ni ó wà nínú bátìrì ọkọ̀. Nítorí náà, ibi tí wọ́n ti ń ṣájì bátìrì rí, ibi tí mẹ́káníìkì ti ń da ọ́ìlì dúdú nù, ibi tí wọ́n ti ń jó wáyà àti táyà, ẹ má gbin ohun jíjẹ sí ilẹ̀ ibẹ̀. Fífọ̀ kò lè yọ ohun tí gbòǹgbò ti fà mu. Bí kò bá sí ibòmíràn, ẹ lo àpò, kí ẹ sì bu ilẹ̀ tí ó mọ́ wá láti ibòmíràn.

Ẹ jìnnà sí ṣalangá àti sókàwéè. Ẹ má bu omi gọ́tà rin ẹ̀fọ́ tí ẹ óò jẹ. Ẹ má gbìn sójú gọ́tà tàbí ojú ọ̀nà àgbàrá, kí òjò má baà ya wọ ilé aládùúgbò. Ẹ bo dírọ́ọ̀mù omi yín, kí ẹ̀fọn má baà fi ṣe ilé.

Ní ti oògùn kòkòrò, mo bẹ̀ yín: oògùn tí a fi ń pa aáyán nínú yàrá kì í ṣe oògùn ẹ̀fọ́. Ewu irú oògùn bẹ́ẹ̀, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ dichlorvos, ni ó mú kí àjọ NAFDAC fòfin de ìgò kékeré rẹ̀ ní 2019. Ẹ̀yìnkùlé kò tóbi ju ohun tí ọwọ́ lè ṣa lọ. Ẹ jí ní kùtù, ẹ fọwọ́ ṣa kòkòrò àti ẹyin rẹ̀ kúrò lábẹ́ ewé. Ẹ fi eérú wọ́n èyí tí ó kù.

Bí ilẹ̀ bá jẹ́ ti gbogbo ilé

Ọ̀pọ̀ nínú wa kò dá ilé gbé. Ilé oníyàrá tí ó dojú kọra ni à ń gbé, ìdílé mẹ́fà, ìdílé mẹ́jọ, ẹ̀yìnkùlé kan. Níbí gan-an ni iṣẹ́ wà, kì í ṣe níbi ebè.

Mo mọ ilé kan ní ìlú tí mo ti ṣe alùfáà rí. Nígbà ìsémọ́lé àrùn kòrónà ní 2020, onílé wọn, opó kan, sọ fún àwọn ayálégbé pé kí wọ́n tú ẹ̀yìnkùlé. Ìdílé mẹ́fà ni wọ́n. Inú wọn dùn, wọ́n jọ tú u, wọ́n jọ gbìn ín, kò sí ààlà, kò sí òfin. Ewédú wọn dára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará ọ̀nà fi ń dúró wò ó. Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ìyá kan nínú wọn jí kí ilẹ̀ tó mọ́, ó gé gbogbo rẹ̀, nítorí pé àbúrò rẹ̀ ń sọmọ lórúkọ. Ẹni tí ó ti ń bu omi rin ín láti ọjọ́ yìí wá, òun ni ó kọ́kọ́ jáde. Àwọn méjèèjì jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Fún oṣù mẹ́ta, wọn kò kí ara wọn. Ọ̀rọ̀ ewédú di ọ̀rọ̀ ìjọ.

Nígbà tí a jókòó lé e lórí, ẹni tí ó gé e ní, “Ṣebí ti gbogbo wa ni?” Ìyá àgbà kan tí ó wà níbẹ̀ dáhùn pé, “Ìyàwó mi, ohun tó bá jẹ́ ti gbogbo wa tí kò ní ààlà, ti ẹni tó bá kọ́kọ́ jí ni.” Ọ̀rọ̀ yẹn ni ó parí ìjà náà. Àwọn àgbà kúkú ti wí i pé oko kì í jẹ́ ti baba àti ọmọ kí ó má ní ààlà. Wọ́n pín ilẹ̀ náà, wọ́n sì tún un gbìn. Ìdílé kan kò padà sídìí rẹ̀ mọ́. Márùn-ún tí ó kù ń bá a lọ. Nínú ohun tí wọ́n ṣe, àti ohun tí mo ti rí níbòmíràn, mo kó ìwọ̀nyí jọ fún yín:

1. Ẹ gba àṣẹ onílé kí ẹ tó ki ọkọ́ bọlẹ̀, kí ẹ sì jọ kọ ọ́ sínú ìwé. Bí ó bá fẹ́ kọ́lé sí i, oṣù mélòó ni yóò fún yín láti kórè? Ẹ má gbin ọsàn, máńgòrò tàbí igi mìíràn tí ń pẹ́. Òfin ilẹ̀ Yorùbá ni láti ayébáyé pé ẹni tí a yá ní ilẹ̀ kì í gbin igi sí i láìgba àṣẹ, nítorí igi a máa di ẹjọ́ ilẹ̀.

2. Kí ìdílé kọ̀ọ̀kan ní ebè tirẹ̀, kí ẹ sì ní ọ̀kan tí ó jẹ́ ti àjùmọ̀ní. Ebè àjùmọ̀ní náà, ọjọ́ kan pàtó ni kí ẹ máa kórè rẹ̀, lójú gbogbo ilé.

3. Ẹ fi omi bíbu ṣe àáró. Àwọn baba wa mọ̀ ọ́n ṣe: lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìrẹ. Ẹni tí iṣẹ́ gbé lọ, kí ó wá ẹni tí yóò dípò òun.

4. Ẹni tí ó ní ewúrẹ́ tàbí adìyẹ, kí ó so ó tàbí kí ó sé e mọ́. Èyí kò gba ìtìjú. Ẹ sọ ọ́ kí ẹ tó gbìn, kì í ṣe lẹ́yìn tí ó bá jẹ ẹ́ tán.

5. Ẹ ya ti ẹni tí kò lágbára sọ́tọ̀. Nínú òfin tí Ọlọ́run fún Mósè, ní Léfítíkù 19, àgbẹ̀ kò gbọdọ̀ kórè igun oko rẹ̀ tán. Ti tálákà àti àlejò ni. Bí arúgbó kan bá wà nínú ilé yín tí kò lè bẹ̀rẹ̀ roko mọ́, ọwọ́ ẹ̀fọ́ kan lọ́sẹ̀ kò ní pa yín lára.

Ẹ̀yin onílé, mo ní ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin náà. Ẹ rántí Áhábù ọba. Ọgbà àjàrà Nábótì tí ó wù ú, tí ó torí rẹ̀ sùn sórí ibùsùn láìjẹun, tí wọ́n sì torí rẹ̀ pa ènìyàn, kí ni ó fẹ́ fi ṣe? Ọgbà ẹ̀fọ́ ni, nítorí pé ó súnmọ́ ilé rẹ̀. Àwọn onílé kan wà tí wọn kò ní bìkítà nígbà tí ẹ̀yìnkùlé jẹ́ koríko. Ọjọ́ tí ayálégbé bá ro ó tí ó tutù yọ̀yọ̀ ni wọn yóò rántí pé tiwọn ni, tí wọn yóò sì fi owó kún owó ilé. Kí irú rẹ̀ má ṣe ti ọwọ́ wa wá. Bí ẹ bá fẹ́ gba ilẹ̀ yín padà, ẹ̀tọ́ yín ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó gbìn kórè ná.

Ní oṣù yìí, ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí ìdílé kọ̀ọ̀kan ṣe. Kí ẹ jáde sí ẹ̀yìnkùlé yín pẹ̀lú àwọn ọmọ, kí ẹ wo ibi tí oòrùn ń dé fún wákàtí mẹ́fà, nítorí níbẹ̀ ni ẹ̀fọ́ yóò ti ṣe dáadáa. Kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kó èèpo jọ. Lẹ́yìn náà, kí ẹ kan ilẹ̀kùn aládùúgbò kan, ìbáà jẹ́ ọmọ ìjọ wa tàbí kì í ṣe ọmọ ìjọ wa, kí ẹ béèrè bóyá yóò bá yín dá a.

Kí ilẹ̀ yà fún yín, kí òjò rọ̀ ní àkókò rẹ̀, kí ohun tí ẹ bá gbìn má ṣe kú mọ́ yín lọ́wọ́. Ó di oṣù tí ń bọ̀.